Nígbà Tí Yìgì Bá Tú: Ta Ni Ó Ni Ilé, Èló Sì Ni Ilé?

  

Ẹ̀yin ará wa ní Fegge, ní Odoakpu, ní Okpoko àti káàkiri Onitsha,

Ọ̀rọ̀ tí a gbé wá lọ́tẹ̀ yìí, a mọ̀ pé kò dùn ún gbọ́. Àwọn àgbà kan nínú ẹgbẹ́ tilẹ̀ gbà wá ní ìmọ̀ràn pé kí á má gbé e sínú ìwé, nítorí pé ẹni tí ó bá ń sọ̀rọ̀ ìkọ̀sílẹ̀ sétí tọkọtaya dà bí ẹni tí ń kọ́ wọn ní ìkọ̀sílẹ̀. A gbọ́ tiwọn. Ṣùgbọ́n ohun tí ojú wa ti rí nínú ìgbìmọ̀ onílàjà kò jẹ́ kí á lè dákẹ́. Gbogbo wa ni a mọ̀ pé títú yìgì kì í ṣe ohun tí Ọlọ́hun fẹ́ràn. Ìdí nìyí tí Ó fi pa á láṣẹ nínú Súrà Nisáì, ẹsẹ 35, pé bí a bá ń bẹ̀rù ìyapa, kí á yan onílàjà kan láti inú ẹbí ọkọ àti ọ̀kan láti inú ẹbí ìyàwó. À ń ṣe èyí, ọ̀pọ̀ ilé ni ó sì ti tipa bẹ́ẹ̀ dúró. Àwọn tí kò dúró ni a fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí, nítorí pé ibẹ̀ ni àwa onílàjà ti ń dẹ́ṣẹ̀ láì mọ̀.

Ẹ jẹ́ kí á bẹ̀rẹ̀ láti orí ẹ̀bi tiwa. Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, wọ́n pe ìgbìmọ̀ wa sí ọ̀rọ̀ tọkọtaya kan tí wọ́n ti lé ní ogún ọdún ní Fegge níbí. A kò ní dárúkọ wọn, a ó sì yí ohun díẹ̀ padà kí ẹnikẹ́ni má baà máa nàka sí wọn. Ọkọ ń ta ẹ̀yà ara mọ́tò, ìyàwó ń ta aṣọ. Wọ́n ní ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan tí àwọn ayálégbé wà nínú rẹ̀. A làjà títí, kò bọ́ sí i. Ọkọ fúnra rẹ̀ kò jiyàn pé owó ìyàwó wà nínú ilé náà. Ó gbà pé bí a bá pín in sí ọ̀nà mẹ́ta, ìdá kan jẹ́ ti ìyàwó. Ó wá ku kí á mọ iye tí ilé tó. Àwa àgbà mẹ́fà jókòó sí pálọ̀, a gbójú sókè wo àjà, a wo ògiri, ọ̀kan nínú wa ní, "Ilé yìí kò lè ju mílíọ̀nù 12 náírà lọ." Ọkọ ní, "Ẹ ṣeun, ẹ̀yin bàbá." A kò bi ara wa léèrè ìdí tí ọ̀rọ̀ náà fi tètè dùn mọ́ ọn tó bẹ́ẹ̀. Ó ka mílíọ̀nù 4 fún ìyàwó, wọ́n bu ọwọ́ lùwé, àwa náà bu ọwọ́ lù ú, a ṣe àdúrà, a mu mínírà, a lọ.

Kò pé ọdún kan tí ọkọ fi ta ilé náà ní mílíọ̀nù 24.

Ìyá náà wá bá wa lẹ́yìn ìrun Jímọ̀. Kò pariwo. Ó kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ̀yin bàbá mi, mílíọ̀nù 4 ni ẹ kà fún mi. Ta ni ẹ fi mílíọ̀nù 4 yòókù ta lọ́rẹ?" Kò sí ẹni tí ó lè dá a lóhùn. A lọ bá ọkọ, ó ní ìwé wà níbẹ̀, àwa náà ni a sì bu ọwọ́ lù ú. Títí di òní, pẹ̀lú gbogbo ẹ̀bẹ̀, kò tíì ju ìdajì owó náà lọ tí a rí gbà fún un. Ẹ̀yin ará, ọkùnrin yẹn jẹ̀bi, ṣùgbọ́n ìwé tí ó fi gbé ẹ̀tọ́ ẹlẹ́tọ̀ọ́ lọ, ọwọ́ wa ni ó ti gbà á.

Kí ni Ọlọ́hun sọ lórí ọ̀rọ̀ yìí? Nínú Súrà Nisáì, ẹsẹ 32, Ó fi yé wa pé ọkùnrin ní ìpín nínú iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀, obìnrin náà sì ní ìpín nínú iṣẹ́ ọwọ́ tirẹ̀. Ní ẹsẹ 20 Súrà kan náà, Ó kìlọ̀ fún ọkọ tí ó fẹ́ fi ìyàwó kan rọ́pò òmíràn pé, bí ó tilẹ̀ jẹ́ òkìtì ọrọ̀ ni ó ti fún un, kò gbọdọ̀ gba ohunkóhun padà nínú rẹ̀. Ẹsẹ àkọ́kọ́ nínú Súrà Tàláákì kò sì fi àyè sílẹ̀ pé kí á kàn lé obìnrin jáde kúrò nínú ilé ní àsìkò ìdà rẹ̀, àyàfi bí ó bá ṣe ìwà ìbàjẹ́ tí ó hàn gbangba. Mélòó nínú wa ni ó ń tẹ̀ lé èyí? Ẹlòmíràn á kọ ìyàwó ní òwúrọ̀, nígbà tí ilẹ̀ yóò fi ṣú, ẹrù rẹ̀ ti wà lójú títì. Ó lé e nígbà ìdà, ó sì tún lé e kúrò nínú ilé tí owó rẹ̀ wà lára bíríkì rẹ̀.

Èrò méjì ni ó wọ́pọ̀ láàrin wa, méjèèjì kò sì tọ́. Àwọn kan ní ohun tí ó bá ti wọ ilé ọkọ, ti ọkọ ni, obìnrin kò ní ju àpótí aṣọ rẹ̀ lọ. Àṣà nìyẹn, kì í ṣe Islam. Àwọn kejì, pàápàá àwọn ọmọ wa tí ó wà ní Lọ́ńdọ̀nù, ní ìdajì-ìdajì ni. Lóòótọ́, láti ìgbà tí ilé-ẹjọ́ tí ó ga jù nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti dá ẹjọ́ White àti White ní ọdún 2000, ìpín ọgbọọgba ni adájọ́ ibẹ̀ fi ń wọn ìdájọ́ rẹ̀ wò kí ó tó yà kúrò lórí rẹ̀. A kò bá wọn jà. Òfin ilẹ̀ wọn ni. Ṣùgbọ́n nínú Islam, yìgì kì í sọ dúkìá ènìyàn méjì di ọ̀kan. Ohun tí ìyàwó ní kí á tó so yìgì, tirẹ̀ ni. Ohun tí ó fi òwò rẹ̀ rí lẹ́yìn yìgì, tirẹ̀ náà ni. Bẹ́ẹ̀ ni ti ọkọ rí. Nítorí náà, kí á tó béèrè bí a ó ṣe pín ilé, ó yẹ kí á kọ́kọ́ béèrè ẹni tí ó ni ín àti bí ó ṣe ni ín.

Kí ẹnikẹ́ni má sì gbẹ́kẹ̀ lé kóòtù pé yóò bá òun tún un ṣe. Òfin ìgbéyàwó ti ọdún 1970, èyí tí abala 72 rẹ̀ fún adájọ́ ní agbára lórí dúkìá tọkọtaya, àwọn tí wọ́n ṣe ìgbéyàwó ìwé ìjọba ni ó wà fún. Yìgì nìkan kò mú wa wọ abẹ́ rẹ̀. Ní Anambra níbí, kò sì sí kóòtù Ṣàríà ti ìjọba tí a lè gbé e lọ. Ẹ wo ẹjọ́ Amadi àti Nwosu tí Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jùlọ ní Nàìjíríà dá ní 1992. Obìnrin kan tí wọ́n fẹ́ lọ́nà ìbílẹ̀ ni. Ọkọ rẹ̀ ta ilé, ẹni tí ó rà á fẹ́ gba ilé rẹ̀. Ìyàwó ní òun náà lọ́wọ́ nínú kíkọ́ ilé náà. Ilé-ẹjọ́ kò sọ pé obìnrin kò lè ní ìpín nínú ilé. Ohun tí ó sọ ni pé kò ṣàlàyé irú ohun tí ó ṣe àti bí ó ti pọ̀ tó. Ó pàdánù. Ẹ̀yin ìyá wa tí ẹ ń pọn omi fún bíríkìlà, tí ẹ ń se oúnjẹ fún lébìrà, tí ẹ ń san owó yanrìn àti sìmẹ́ńtì láì gba rìsíìtì, ọ̀rọ̀ yín ni.

Ibi tí ó le jù nìyí. Owó tí ìyàwó kó kalẹ̀ nígbà tí ilé ń lọ lọ́wọ́, ọ̀nà mẹ́ta ni ó lè gbà jẹ́. Ó lè jẹ́ ọrẹ, ó lè jẹ́ ẹ̀yáwó, ó sì lè jẹ́ àjọní. Ẹ jẹ́ kí á fi àpẹẹrẹ yẹ̀ ẹ́ wò. Ká ní ní 1998, ìyàwó kó ₦200,000 sílẹ̀, ọkọ kó ₦300,000, wọ́n fi ra ilẹ̀, wọ́n sì kọ́ ilé sórí rẹ̀. Ká ní ilé náà tó mílíọ̀nù 30 lónìí. Bí ó bá jẹ́ ọrẹ ni ìyàwó ta ọkọ, kò ní ohunkóhun láti gbà. Ànábì kórìíra kí ènìyàn ta ọrẹ kí ó tún padà gbà á, ó fi í wé ajá tí ó padà sídìí èébì rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ẹ̀yáwó, ọ̀pọ̀ onímọ̀ ní ₦200,000 yẹn náà ni yóò gbà, kò gbọdọ̀ fi èlé lé e. Ẹ sì mọ ohun tí ₦200,000 lè rà lọ́jà lónìí. Bí ó bá jẹ́ àjọní, ìdá méjì nínú márùn-ún ni tirẹ̀, ìyẹn mílíọ̀nù 12. Owó kan náà ni, ọjọ́ kan náà ni ó kó o sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan tí wọn kò sọ lọ́jọ́ yẹn ni ó pààlà sí ààrin òfo àti mílíọ̀nù 12.

Àwọn ìyá wa á ní, "Ṣé kí n wá máa bi bàbá àwọn ọmọ pé irú owó wo ni mo fún wọn? Wọn kò ní rò pé mo ti ń dìrù ni?" A mọ̀ pé ó ṣòro. Ṣùgbọ́n ẹsẹ tí ó gùn jù lọ nínú Al-Kùránì, ẹsẹ 282 nínú Súrà Bákárà, ọ̀rọ̀ kíkọ gbèsè sílẹ̀ àti pípe ẹlẹ́rìí ni ó dá lé, Ọlọ́hun kò sì yọ tọkọtaya sílẹ̀ níbẹ̀. Ọkọ rere ni ó yẹ kí ó kọ́kọ́ mú bírò. Bí òun bá kú lọ́la, ìwé yẹn kan náà ni kò ní jẹ́ kí àwọn àbúrò rẹ̀ pín ìpín ìyàwó mọ́ ogún.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà fún àwọn ọkọ. Bí ìyàwó bá ní òun kò ṣe mọ́, tí ó ní òun yóò dá sàdáàkì padà, ohun tí Súrà Bákárà, ẹsẹ 229, gbà láàyè ni. Ṣùgbọ́n sàdáàkì ọ̀tọ̀, ìpín nínú ilé ọ̀tọ̀. Ẹni tí ó bá di ìpín ìyàwó mú, tí ó ní àfi bí ó bá yọ̀ǹda rẹ̀ kí òun tó tú yìgì, ìnira ni ó ń fi bá a, Súrà Nisáì, ẹsẹ 19, sì ti kọ irú ìnira bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí a bá ti wá mọ ẹni tí ó ni ín, ó ku èló. Níbí ni àwa àgbà mẹ́fà ti ṣìnà. Ìtàn kan wà nínú Muwatta ti Imaamu Maliki, ẹni tí ilé ìmọ̀ rẹ̀ ni àwa Yorùbá ń tẹ̀ lé. Lẹ́yìn tí àwọn Mùsùlùmí ṣẹ́gun Khaybar, ní ọdún keje Híjírà, Ànábì fi ilẹ̀ náà sílẹ̀ fún àwọn Júù ibẹ̀ láti máa ṣiṣẹ́ rẹ̀, kí èso ọ̀pẹ dátì sì jẹ́ ti gbogbo wọn. Ànábì kò fi ojú lásán wo igi láti Mẹ̀dínà. Abdullah ọmọ Rawaha ni ó ń rán lọ láti díye lé èso náà lórí igi. Bí ó bá ti dá iye lé e tán, á sọ fún wọn pé bí wọ́n bá fẹ́, kí wọ́n gbé e ní iye yẹn; bí wọn kò bá sì fẹ́, òun yóò gbé e ní iye kan náà. Wọ́n kó ohun ọ̀ṣọ́ àwọn ìyàwó wọn wá kí ó lè bá wọn dín in kù, ó kọ̀ ọ́.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ tún un kà. Àkọ́kọ́, ẹni tí ó mọ iṣẹ́ náà ni a rán. Èkejì, kò gba rìbá. Ẹ̀kẹta, iye tí ó dá, ó ṣe tán láti fi ara rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ èyíkéyìí níbẹ̀. Bí ó bá ṣe pé lọ́jọ́ tí a wà ní pálọ̀ yẹn, a bi ọkọ pé, "Alájì, ṣé ẹ ó gba mílíọ̀nù 8 lónìí, kí ìyàwó sì mú ilé?", ojú rẹ̀ nìkan ì bá ti tó fún wa. A kò bi í.

Lóde òní, irú ènìyàn tí ọmọ Rawaha jẹ́ nínú ọ̀rọ̀ ilé àti ilẹ̀ ni àwọn adíyelé, àwọn tí à ń pè ní ẹ̀sítéètì sọ̀fíyọ̀. Kì í ṣe sọ̀fíyọ̀ tí ń wọn ilẹ̀, tí ń ri òkúta ààlà mọ́lẹ̀. Kì í sì í ṣe ejẹ́ńtì tí ń bá ènìyàn wá ayálégbé. Ejẹ́ńtì tí ó bá fẹ́ ta ilé náà kò lè ṣe adíyelé rẹ̀, nítorí ọwọ́ rẹ̀ ti wà nínú ọbẹ̀. Ẹgbẹ́ àwọn adíyelé, NIESV, ti wà láti 1969. Òfin ìjọba àpapọ̀ ti ọdún 1975 ni ó dá ìgbìmọ̀ tí ń forúkọ wọn sílẹ̀, ìyẹn ESVARBON. Ẹ béèrè nọ́ńbà ìforúkọsílẹ̀ rẹ̀ kí ẹ tó fún un níṣẹ́, kí òǹtẹ̀ rẹ̀ sì wà lórí ìwé tí yóò fún yín.

Báwo ni ó ṣe ń mọ iye? Yóò wọ ilé náà, yóò wọn yàrá, yóò wo òrùlé àti ìpìlẹ̀, yóò yẹ ìwé ilẹ̀ wò. Yóò wádìí iye tí wọ́n ta irú ilé bẹ́ẹ̀ ládùúgbò láìpẹ́. Bí ayálégbé bá wà níbẹ̀, yóò ka owó tí ń wọlé lọ́dún, yóò yọ àtúnṣe kúrò, yóò sì fi ìyẹn ṣírò iye ilé. Bí kò bá sí irú rẹ̀ lọ́jà, yóò ṣírò iye tí a ó fi kọ́ ọ lónìí, yóò yọ ti ogbó kúrò. Ẹ sọ fún un pé iye ọjà gan-an ni ẹ fẹ́, kì í ṣe ti títà kíákíá, nítorí iye ẹni tí ìdí rẹ̀ ń jó máa ń wálẹ̀. Ọkọ àti ìyàwó ni kí wọ́n jọ bu ọwọ́ lu lẹ́tà tí a fi gbà á síṣẹ́, kí àwọn méjèèjì jọ san owó rẹ̀, kí wọ́n jọ mú un yí ilé ká. Bí ọ̀kan bá ń fura, kí ó mú adíyelé kejì wá. Kí á sì mọ ibi tí agbára rẹ̀ mọ: kò lè sọ ẹni tí ó ni ilé. Ẹlẹ́rìí, ìwé, àwọn àáfà àti lọ́yà ni yóò sọ ìyẹn.

Ó tún ku ilé tí ó wà nílé. Àwa tí a ti Ìwó, Ìséyìn, Ọ̀fà, Ògbómọ̀ṣọ́ wá sí etí odò Ọya, ọ̀pọ̀ wa ni ó kọ́kọ́ kọ́lé sílé kí ó tó ra ohunkóhun síbí. Bí ilẹ̀ náà bá jẹ́ ilẹ̀ ẹbí, a kò lè pín in fún ìyàwó, ọkọ fúnra rẹ̀ kò dá a ní. Ṣùgbọ́n owó tí ìyàwó sọ sínú ilé tí ó wà lórí rẹ̀ kò tipa bẹ́ẹ̀ di ti ẹbí. Kí adíyelé sọ iye ilé láìka ilẹ̀, kí á sì fi owó yanjú ìpín rẹ̀ láti inú ohun mìíràn.

Nípa ìwé, ogun 1967 sí 1970 kó ìwé àwọn bàbá wa lọ, rògbòdìyàn oṣù kejì ọdún 2006 tí wọ́n dáná sun mọ́sálásí wa ní Onitsha sì kó ti àwọn mìíràn. Ẹni tí ó bá ní ìwé ilẹ̀, kí ó ṣe ẹ̀dà rẹ̀ sí ibi méjì, kí ìyàwó sì mọ ibẹ̀. Bí ìpín bá ti ń ti ọwọ́ ẹnìkan bọ́ sí ti ẹlòmíràn, kí lọ́yà kọ ọ́, kí á gba ìyọ̀ǹda gómìnà tí abala 22 Òfin Lílo Ilẹ̀ ti 1978 béèrè. Ọwọ́ tí àgbà mẹ́fà bù lu bébà kò tó.

Lẹ́yìn ìtìjú wa ìjọ́sí, a tún bá ọ̀rọ̀ mìíràn pàdé. Lọ́tẹ̀ yìí a kò wo àjà. A ní kí wọ́n lọ mú adíyelé wá, òmíràn sì lọ wo ilé tí ó wà ní Ìwó. Nígbà tí ìwé dé, ọkọ ní iye náà ti pọ̀ jù. A bi í ní ìbéèrè ọmọ Rawaha: ṣé kí ìyàwó san ìpín tirẹ̀ fún un ní iye kan náà, kí ó sì mú ilé? Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, ó ní, "Ẹ jẹ́ kí n máa san án díẹ̀díẹ̀." Oṣù 18 ni ó fi san án, ìyàwó ń bu ọwọ́ lu ìwé lóṣooṣù. Ó ṣe ìdà rẹ̀ parí nínú ilé náà, ní yàrá tirẹ̀, kò sí ẹni tí ó ju ẹrù rẹ̀ síta.

A ti ṣe ìwé kan, ojú kan péré ni, tí tọkọtaya lè kọ irú owó tí ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn kó sílẹ̀ sí: ọrẹ, ẹ̀yáwó, tàbí àjọní, pẹ̀lú iye rẹ̀, ọjọ́ rẹ̀ àti ẹlẹ́rìí méjì. Ọ̀dọ̀ akọ̀wé ẹgbẹ́ ni ó wà, ọ̀fẹ́ ni. Àwa tí a wà nínú ìgbìmọ̀ ti kọ́kọ́ kọ tiwa pẹ̀lú àwọn ìyàwó wa, ọ̀kan nínú wa sì jẹ́wọ́ pé ọjọ́ yẹn ni òun tó mọ̀ pé ẹ̀yáwó ni ìyàwó òun ka owó òrùlé sí láti ọdún 2003.